Ọkọ̀ Ojú Irin Oníke Tí Mo Kọ́ Sínú Gáréèjì Mùfú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ lónìí, kí n ro ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Houston fún yín. Ó ti pẹ́ o! Àárín àwọn ọdún 1980 ni, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí kò tíì dáyé.

Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ìyàwó mi àti ìwọ̀nba àwọn tó wà níbẹ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ní báyìí tí gbogbo irun orí mi ti funfun, ó dà bíi pé ó ti rẹ ìtìjú náà gan-an.

Ẹ̀kọ́ ni mo bá wá sí Amẹ́ríkà. Mo kàwé ẹnjiníà, mo gboyè, mo sì ríṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Deer Park, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì. Iṣẹ́ mi ò ju kí n máa yàwòrán páìpù lọ: ibi tí páìpù máa gbà, ibi tó ti máa yí, ohun tó máa gbé e dúró. Èmi àti Rónkẹ́ ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ra ilé kékeré kan ní Richmond. A bí ọmọbìnrin kan, Yétúndé. Lójoojúmọ́ mo máa ń wa máìlì márùndínláàádọ́ta lọ síbi iṣẹ́, mo tún máa ń wa márùndínláàádọ́ta bọ̀. Ẹ ò rí bí mo ṣe máa ń ráhùn lórí freeway yẹn!

Àfi bí owó epo ṣe já wálẹ̀. Kò pẹ́ sígbà yẹn, lọ́jọ́ Friday kan, wọ́n pe àwa bíi mọ́kàndínlógún wọ yàrá kan. Ọ̀gá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wa dáadáa. Nígbà tí aláwọ̀ funfun bá ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ báyẹn, kí lo tún ń retí? Wọ́n fún kálukú wa ní páálí kan pé ká fi kó ẹrù wa.

Mo rò pé láàárín oṣù kan màá ti ríṣẹ́ míì. Oṣù kan di méjì, ó di mẹ́ta. Gbogbo iléeṣẹ́ tí mo bá lọ ló ń dá àwọn èèyàn tiwọn náà dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le nìyí. Kí iṣẹ́ yẹn tó bọ́ lọ́wọ́ mi la ti ṣètò pé kí Bàbá mi wá lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Ìwé ìrìnnà wọn ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà nílẹ̀. Dírẹ́bà rélùwéè ni Bàbá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ẹ́ńjìnnì eléèéfín láti Òṣogbo lọ sókè ọ̀hún, kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo àdúgbò wọn ní Òṣogbo ni wọ́n ti sọ fún pé ẹnjiníà ni ọmọ àwọn ní Amẹ́ríkà.

Rónkẹ́ bẹ̀ mí. Ó ní, “Daddy Yétúndé, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n tó gbéra. Ẹ kọ lẹ́tà sí wọn.”

Mo ní màá kọ ọ́. Mi ò kọ ọ́.

Ẹ má rò pé mo jókòó gbèrò irọ́ o. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé, ní ọjọ́ kejì tí Bàbá dé, mo bọ́ sí kíṣìnnì láàárọ̀, mo bá wọn níbẹ̀. Wọ́n ti gbàdúrà tán, wọ́n ti wẹ̀. Wọ́n wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n ní, “Káyọ̀dé, aago mélòó lo máa ń jáde lọ síbi iṣẹ́?”

Mo ní, “Aago mẹ́fà, sà.”

Ó parí! Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Mo padà sí yàrá, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mo so táì mọ́rùn, mo gbé báàgì mi, mo jáde. Rónkẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí.

Ibo wá ni èèyàn ń lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí kò níṣẹ́? Mall kò tíì ṣí. Láíbìrì kò tíì ṣí. Mo páàkì síwájú ilé ìtajà kan, mo jókòó sínú mọ́tò, mo ń la òógùn. Bí mo ṣe ṣe é fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Mùfú ló gbà mí. Ọ̀rẹ́ mi ni, kò tíì pẹ́ tó dé láti Èkó nígbà náà. Ilé ìpoògùn ló ti ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì níyàwó. Ilé tó háyà jìnnà sí tiwa tó máìlì méje, ó sì ní gáréèjì tí kò fi nǹkan kan ṣe. Ó kàn ju kọ́kọ́rọ́ sí mi lọ́wọ́, ó ní, “Egbon, you no fit dey siddon for motor like thief. Take.”

Inú gáréèjì yẹn wá di ọ́fíìsì mi. Mo gbé tàípúráítà wa lọ síbẹ̀. Mo kan ìṣó kan mọ́ ògiri, mo máa ń fi táì mi kọ́ ọ bí mo bá ti dé, tó bá sì di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá so ó padà. Mo ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Ooru ibẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀! Mo máa ń gbé ilẹ̀kùn gáréèjì dé ìdajì kí atẹ́gùn lè wọlé, ẹ̀fọn ló máa ń bá a wọlé. Ìdáhùn tó sì ń wá kò yàtọ̀ síra: ẹ ṣeun, àyè kò sí báyìí, a ó fi orúkọ yín sínú fáìlì.

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn. Kì í ṣe àárẹ̀ tí oorun máa ń tán. Mo máa ń jí pẹ̀lú ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi ọ̀rọ̀ bíríkì. Obìnrin kan tó ní daycare, ilé ìtọ́jú ọmọdé, ládùúgbò wa ti ibẹ̀ pa, ó sì fún Yétúndé ní àpò ńlá méjì. Bíríkì oníke ló kún inú wọn, àwọn kéékèèké tí ọmọdé fi ń kọ́lé, tó ní kókó lórí tí ọ̀kan fi ń wọ inú èkejì. Ojú irin oníke wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú, àti wíìlì, àti mọ́tò kékeré kan tó ń lo bátìrì. Ilé wa kò gbà á, mo bá kó o sí gáréèjì Mùfú.

Lọ́jọ́ kan, mo gba lẹ́tà mẹ́ta pọ̀ pé kò síṣẹ́. Mi ò lè tẹ èyíkéyìí mọ́. Mo kàn ti ọwọ́ bọ inú àpò yẹn. Mo mú ọ̀kan jáde, mo mú èkejì, mo so wọ́n pọ̀. Ó dún “kák”. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ fún yín pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ara tù mí láti ọjọ́ Friday yẹn nìyẹn.

Mo ní fọ́tò kan tí mo mú bọ̀ láti ilé nígbà tí mò ń bọ̀ wá kàwé. Bàbá mi ló wà nínú ẹ̀, wọ́n dúró síwájú ẹ́ńjìnnì wọn, wọ́n fi ọwọ́ lé ìbàdí. Mo gbé fọ́tò yẹn síwájú tàípúráítà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan. Mo ti pinnu pé mi ò ní kọ́ ohun ìṣeré lásán. Ínṣì kan nínú tèmi gbọ́dọ̀ dúró fún ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin nínú ti gidi. Mo fi gíga Bàbá mi ṣe òṣùwọ̀n, torí mo mọ bí wọ́n ṣe ga tó, mo wá fi ìyẹn mọ bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ga tó, bó ṣe gùn tó, àti bí wíìlì rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Mo yà á sórí bébà bí mo ṣe máa ń yàwòrán páìpù.

Bíríkì dúdú kò tó. Iwájú rẹ̀ dúdú, ìdí rẹ̀ pupa, yàrá dírẹ́bà di yẹ́lò àti búlúù. Kí n wá ṣe é báwo? Mo to ibi tí wọ́n ń kó èédú sí, mo sì ki mọ́tò àti bátìrì sábẹ́ rẹ̀. Mo to kóòṣì méjì tí èrò ń wọ̀ sí i lẹ́yìn. Láàárọ̀ màá tẹ lẹ́tà méjì, lẹ́yìn ìyẹn màá gbájú mọ́ ẹ́ńjìnnì. Nígbà tó yá, lẹ́tà di ọ̀kan. Nígbà tó tún yá, mi ò ní purọ́ fún yín, ọjọ́ míì wà tí mi ò tẹ ìkankan.

Àmọ́ ìṣòro kan wà. Tí ojú irin bá ti ń lọ gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì náà á rìn jẹ́jẹ́. Tó bá ti dé kọ́nà báyìí, ó máa yọ! Wíìlì ńlá mẹ́ta ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà nínú fọ́tò. Mo tú u, mo tún un tò. Mo dín gígùn rẹ̀ kù, ìwọ̀n bàjẹ́, mo tún dá a padà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Èmi tí mo kàwé ẹnjiníà, ohun ìṣeré ọmọdé ń dá mi lágara.

Nílé ńkọ́? Bàbá á kí mi kú iṣẹ́ bí mo bá dé. “Káyọ̀dé, o kú làálàá.” Màá dọ̀bálẹ̀, màá ní, “Ẹ ṣé, sà.” Oúnjẹ á wá korò lẹ́nu mi.

Ọjọ́ Sunday kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ìjọ Aládùúrà là ń lọ. Wòlíì wa ní kí gbogbo ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ síwájú kóun gbàdúrà fún wọn. Àwọn èèyàn tó jáde pọ̀, ìgbà yẹn le. Èmi jókòó. Bàbá wà lápá ọ̀tún mi, Rónkẹ́ wà lápá òsì, ó ń wo ilẹ̀. Nígbà tá a ń lọ sílé, Bàbá ní, “Ó mà ṣe àwọn ọmọ yẹn o. Ṣùgbọ́n wọ́n gbìyànjú, wọ́n dìde.” Mo ń wo títì.

Lọ́jọ́ Thursday ọ̀sẹ̀ yẹn, mo wọ mọ́tò ní aago mẹ́fà bí ìṣe mi. Mi ò tíì ti ilẹ̀kùn tí Bàbá fi ṣí ti ẹ̀gbẹ́ kejì, tí wọ́n wọlé jókòó. Wọ́n dé fìlà. Wọ́n mú ìwé pélébé kan dání.

Mo ní, “Bàbá, ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Ibi tí ò ń lọ.”

“Sà, wọn kì í jẹ́ kí àlejò wọ iléeṣẹ́ wa.”

“Wà á,” ni wọ́n wí.

Mo wà á. Bí a ṣe dé ojú ọ̀nà ńlá ni wọ́n ṣí ìwé yẹn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á jáde. Ẹ rántí pé dírẹ́bà ni wọ́n. Láàárọ̀ kùtù, kí n tó jí, wọ́n máa ń bá mi nu gíláàsì mọ́tò, wọ́n á yọjú wo òǹkà máìlì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti mọ́ wọn lára láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

“Monday, máìlì mẹ́rìnlá. Tuesday, mẹ́rìnlá. Wednesday, mẹ́rìndínlógún, bóyá o yà ra nǹkan.” Wọ́n pa ìwé dé. “Rónkẹ́ sọ fún mi pé Deer Park tó máìlì márùndínláàádọ́ta. Ṣé wọ́n ti gbé e súnmọ́ wa ni?”

Mo yà kúrò lójú ọ̀nà freeway, mo wà á tààrà lọ sílé Mùfú, mo gbé ilẹ̀kùn gáréèjì sókè.

Bàbá dúró sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n wo tàípúráítà, wọ́n wo ìdì lẹ́tà, wọ́n wo fáànù tó ń kérora nílẹ̀. Wọ́n wá wo orí tábìlì gígùn tí mo to ojú irin sí. Wọ́n rí fọ́tò wọn. Wọ́n rí ẹ́ńjìnnì náà.

“Láti ìgbà wo?”

“Oṣù mẹ́rin kí ẹ tó dé, sà.”

Wọ́n fi ìka kan ìdí táì ọrùn mi. Ohùn wọn kò ròkè rárá. “Èmi lo wá ń so èyí fún?”

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì. Wọn ò ní kí n dìde, wọn ò sì ní kí n má dìde. Wọ́n kàn ní, “Gbé mi padà sílé.”

Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á ní “ẹn.” Yàrá ni wọ́n ti ń jẹun. Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n ní ara àwọn ò yá, àwọn ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Yétúndé ń bi mí pé, “Daddy, is Grandpa mad?” Mo ní kó lọ ṣeré.

Ọ̀sán Sunday yẹn náà ni Rónkẹ́ ti ilé ìwòsàn dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò tilẹ̀ wọ yàrá, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo ní ṣé kí n gbé omi wá. Ó ní rárá.

Ó ní, “Daddy Yétúndé, ó ti rẹ̀ mí. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nílé yìí. Mò ń tọ́jú aláìsàn, mo tún ń tọ́jú irọ́ yín. Èyí tó jẹ́ aláìsàn, wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún mi.”

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo, ì bá sàn. Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, mo bá a bọ́ bàtà.

Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ Monday, mi ò wọ ṣẹ́ẹ̀tì, mi ò so táì. Mo jókòó sí kíṣìnnì pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, mo ń wo tíì tó ti tutù. Bàbá jáde wá, wọ́n ti múra tán.

“O ò lọ ni?”

“Ibo ni kí n lọ, Bàbá?”

Wọ́n wò mí títí. “Ibi tí ẹ́ńjìnnì mi wà.”

Ṣé ẹ mọ bí ẹrù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí èèyàn? Kò sọ̀ tán o, àmọ́ ó fì díẹ̀.

Nígbà tá a débẹ̀, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó, wọ́n yọ fìlà. Wọ́n kọ́kọ́ bú mi. Wọ́n ní ta ló kun ẹ́ńjìnnì àwọn ní yẹ́lò? Wọ́n ní ojú irin yìí fẹ̀ ju tàwọn lọ. Mo ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní iléeṣẹ́ nìyẹn, mi ò rí i dín kù. Wọ́n ní, “Ẹn-ẹn. Gbé e rìn.”

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó rìn dé kọ́nà, ó yọ. Mo gbé e padà, ó tún yọ. Bàbá dìde, wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orí tábìlì, wọ́n fi ojú kan wò ó látìdí. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin!

“Àwọn wíìlì ńlá yìí, o fi etí sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?” Etí ni ìlà tó yọ síta lára wíìlì, tó ń di ojú irin mú kí ọkọ̀ má baà yọ.

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bó ṣe wà nínú fọ́tò.”

Wọ́n gba fọ́tò lọ́wọ́ mi, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti Thursday. “Èmi ni mo dúró síwájú wíìlì àárín. Báwo lo ṣe máa rí i? Tàárín kò ní etí. Pẹlẹbẹ ni.” Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé wíìlì mẹ́ta tó wà lórí irin kan ṣoṣo kò lè tẹ̀ pọ̀ mọ́ kọ́nà. Tiwájú àti tẹ̀yìn ló ń di ojú irin mú. Wọ́n yọ etí tàárín kó lè máa sún síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa ti àwọn yòókù jáde.

Wọ́n ní, “Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. O ò bi mí léèrè nǹkan kan rí nípa iṣẹ́ mi.”

Òótọ́ ni. Ìwé lèmi gbájú mọ́. Bí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé tí wọ́n ń rùn fún èédú, mo máa ń gbé ìwé mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé.

Mo wá abẹ bíléèdì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé etí wíìlì àárín méjèèjì. Ike yẹn le. Bàbá di ẹ́ńjìnnì mú, mò ń họ ọ́ díẹ̀díẹ̀, òógùn ń kán sórí tábìlì. Ẹnu iṣẹ́ yẹn ni wọ́n ti bi mí bí ọjọ́ Friday yẹn ṣe rí. Mo sọ gbogbo ẹ̀: páálí, ìdúpẹ́ ọ̀gá, bí mo ṣe jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìtajà. Mi ò gbójú sókè.

Nígbà tí mo parí, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí.

Wọ́n fi oríkì mi pè mí, wọ́n ní, “Àjàní, mo bínú. Mo ṣì ń bínú. Kì í ṣe torí iṣẹ́. Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Torí pé o sọ mí di àlejò nínú ilé rẹ ni. Àlejò ni wọ́n máa ń fi nǹkan pamọ́ fún.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Títí di òní, ó ṣì ń dùn mí.

A to wíìlì padà. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ó rìn, ó dé kọ́nà, ó mì díẹ̀… ó kọjá! Kóòṣì méjèèjì tẹ̀ lé e. Ó yí gbogbo tábìlì ká, ó padà wá bá wa. Ṣé ẹ rò pé a hó yèè? A ò hó. Ó ti rẹ àwa méjèèjì jù. A kàn jókòó, à ń wò ó bó ṣe ń yí, títí bátìrì fi kú.

Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé Mùfú ti sọ fún mi tipẹ́ pé wọ́n ń wá àwọn tó máa wa bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé, èmi ni mo kọ̀. Wọ́n ní kí ló dé tí mo fi kọ̀? Mo ní ẹnjiníà ni mí, sà.

“Èmi ńkọ́? Kí ni mo jẹ́?”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ike tí mo họ kúrò lórí tábìlì.

Mo lọ gba fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ kejì. Mo ṣe ìdánwò, mo yege. Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ìdájí ni mò ń jí. Bọ́ọ̀sì yẹ́lò gígùn, àádọ́ta ọmọ tó ń pariwo, ooru, ọ̀nà tó kún fún mọ́tò. Kò sí ohun ìyanu kankan ńbẹ̀ o. Ó rẹ̀ mí bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo bá dùbúlẹ̀, mo máa ń sùn. Ọdún méjì ni mo fi wà á kí wọ́n tó mú mi sí ẹ̀ka tó ń tún ilé àwọn iléèwé ṣe, níbi tí mo ti ń bójú tó páìpù omi. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ̀yìn tì. Mi ò padà sí Deer Park mọ́.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ó wà ní gáréèjì Mùfú títí Mùfú fi gbéyàwó, tí wọ́n sì bímọ. Àwọn ọmọ tú u palẹ̀ fi kọ́lé. Mi ò bá wọn wí.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà Bàbá pé, èmi àti Rónkẹ́ sìn wọ́n dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. A jókòó, à ń dúró kí wọ́n pe ọkọ̀ wọn. Bàbá ní, “Wọ́n máa bi mí ní Òṣogbo pé iṣẹ́ wo ni Káyọ̀dé ń ṣe.”

Mo ní, “Ẹ sọ fún wọn pé ẹnjiníà ni mí, sà. Pé ìlú ló le díẹ̀ báyìí.”

Wọ́n mi orí. “Mi ò ní purọ́ fún wọn. Màá sọ pé dírẹ́bà lọmọ mi.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹlòmíì ṣe ń sọ pé dókítà lọmọ òun ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Rónkẹ́ yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ó ń nu imú. Wọ́n pe ọkọ̀, Bàbá dìde, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀. Mo rò pé iṣẹ́ tó bọ́ ló ń rẹ̀ mí. Irọ́ tí mò ń gbé kiri ni. Mo sì rò pé mò ń dáàbò bo Bàbá mi, àṣé mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn ni. Bí nǹkan bá ti dà rú fún ẹ, tètè sọ fún àwọn tó nífẹ̀ẹ́ rẹ. Wọ́n lè bínú. Jẹ́ kí wọ́n bínú. Tí o bá sì ṣì ní òbí láyé, lọ bi wọ́n léèrè nípa iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ ẹ dàgbà.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ ti fi irú ọ̀rọ̀ báyìí pamọ́ fún rí, báwo ló ṣe tú síta? Ẹ má tijú, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mo ti fẹ̀yìn tì, àyè wà fún mi láti ka gbogbo ẹ̀.